Ta Ló Dáná Lọ́jọ́ Orò?

“Ata ni wọ́n ń dín, ọ̀gá. Ata àti àlùbọ́sà nínú òróró gbígbóná. Màmá mi ní òórùn náà gba ojú fèrèsé wọlé bá àwọn ní Sátidé ọjọ́ ìdìbò, nígbà tí Orò ń ké lóde lọ́wọ́. Gààrí lásán làwọn ń mu nínú yàrá, itọ́ wá ń dà lẹ́nu gbogbo wọn.”

Ẹ̀rín ni Kọ́pùrà Mùsílíù fi ń sọ ọ́. Ó kàn fẹ́ fi tu ọ̀gá rẹ̀ nínú ni, nítorí pé láti àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ yẹn ni Ìsípẹ́kítọ̀ Yéwándé Ṣàngówùmí ti lejú koko bí ẹni tó jẹ ewúro. Ṣùgbọ́n Yéwándé kò rẹ́rìn-ín. Ó gbójú sókè wò ó.

“Mùsílíù, ìyàwó ta ló ń dín ata nígbà tí Orò ń ké?”

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu Mùsílíù. Ọmọ àdúgbò Ìtòkú ni, wọ́n bí i síbẹ̀, wọ́n kọ́ ọ ní kéú níbẹ̀.

Àlejò tí kò mọ Ẹ̀gbá lè ní kí ló wà nínú ìyẹn. Bí Orò bá ti fọhùn ní Abẹ́òkúta, obìnrin kò sí lóde mọ́ nìyẹn. Ìyá arúgbó, ìyàwó dókítà, mùsùlùmí, onígbàgbọ́, gbogbo wọn á wọlé, wọn á ti ìlẹ̀kùn mọ́rí, wọn á fi iná ìdáná sílẹ̀ lẹ́yìnkùlé kó máa kú lọ. Ọkọ tó bá fẹ́ràn ìyàwó rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ tì í wọ yàrá. Bí obìnrin bá fojú kan Orò, Orò á gbé e: ọmọdé mọ̀ ọ́n, àgbà mọ̀ ọ́n.

Ìdìbò àfidípò kékeré kan ló fa gbogbo rẹ̀. Aṣòfin tó ń ṣojú Ìtòkú kú, wọ́n sì fẹ́ fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Ìjókòó kan péré. Ṣùgbọ́n ọdún 1982 ni, ìdìbò ńlá ń bọ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e, gbogbo oníwèé ìròyìn Nàìjíríà ló wá kó ojú lé Ìtòkú. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá Ẹgbẹ́ Alágogo, tó ń lagogo kiri láti Sókótó dé Kàlàbá pé òun nìkan ni ẹgbẹ́ ọmọlúàbí, lè wọlé níbi tí àwọn obìnrin aláró àti oníṣòwò àdìrẹ ti dúró gbágbá lẹ́yìn Ẹgbẹ́ Oníkọ́kọ́rọ́. Kí ilẹ̀ ọjọ́ ìdìbò tó mọ́ dáadáa, Orò ké. Obìnrin kankan kò jáde. Ọkùnrin nìkan ló dìbò, Alágogo sì wọlé. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, ìwé ìròyìn kan ti kọ ọ́ gàdàgbà síwájú pé ÌTÒKÚ TI SỌ̀RỌ̀. Olórí ẹgbẹ́ pátápátá ń bọ̀ láti Èkó ní Sátidé wá jó ijó ìṣẹ́gun.

Sàfúrátù aláró kò ní wo ijó náà. Ó ti jí lọ sídìí ìkòkò aró rẹ̀ kí Orò tó fọhùn, ẹ̀yìn ìdìbò ni wọ́n tó rí òkú rẹ̀ nínú ọ̀nà tóóró tó wà lẹ́yìn ibẹ̀, orí rẹ̀ ti fọ́. Orò ló gbé e, ni ará àdúgbò wí. Ni àwọn ọlọ́pàá bá lọ mú Baba Ògúntìmẹ́hìn, arúgbó tó jẹ́ olórí awo Orò ládùúgbò náà, wọ́n jù ú sí àtìmọ́lé. Ọ̀la, ọjọ́ Ẹtì, ni wọ́n fẹ́ gbé e lọ sílé ẹjọ́ lórí ẹ̀sùn ìpànìyàn, kí ọ̀rọ̀ lè tán nílẹ̀ kí àlejò pàtàkì tó dé. Ta ló ń pariwo jù lọ pé kí wọ́n so baba kọ́? Ẹgbẹ́ Alágogo ni. Wọ́n ní àwọn abọ̀rìṣà ló ń fa orílẹ̀-èdè yìí sẹ́yìn.

Ìyẹn ló ń bí Yéwándé nínú. Wọ́n ti ẹ̀yìn Orò wọlé tán, wọ́n wá ń tutọ́ sí Orò lójú.

Ó dìde. “Jẹ́ ká lọ rí baba.”

*

“Ẹ kú ìrọ́jú, Baba.”

Baba Ògúntìmẹ́hìn jókòó sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ sẹ́ẹ̀lì, ó fi ẹ̀yìn ti ògiri. Ó wò ó títí, ó ní, “Ìwọ ọmọ Ṣàngówùmí ọ̀nà Alábàtà nìyí. Mo mọ bàbá rẹ. Àgbẹ̀ gidi ni.”

“Baba, ṣé ẹ̀yin lẹ mú Orò jáde ní Sátidé?”

Baba yí ojú sí ògiri. “Ohun tí o bi mí yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ obìnrin.”

“Ọ̀la ni wọ́n ń gbé yín lọ sílé ẹjọ́, sà. Okùn ni wọ́n fi ń ṣe ìdájọ́ ẹ̀.”

“Mo gbọ́.”

“Bí ẹ bá ní nǹkan tó lè gbà yín sílẹ̀, ẹ sọ ọ́.”

“Mo ní in. Mi ò ní sọ ọ́ fún obìnrin. Orò tí mo ti ń sìn láti kékeré, ṣé nítorí ọrùn hẹ́gẹhẹ̀gẹ yìí ni mo fẹ́ wá dalẹ̀ rẹ̀? Ọmọ mi, máa lọ.”

Yéwándé jáde, ó fi Mùsílíù sílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Kò pẹ́ tí òun náà fi jáde, ó ń họrí.

“Kò sọ fún èmi náà, mà. Ó ní ọmọ kéú ni mí, mi ò wọgbó rí. Gbólóhùn kan péré ló sọ: ó ní ta ló kéde?”

“Lóòótọ́ sì ni. Ṣé wọ́n kéde?”

“Rárá o. Bí Orò bá máa jáde, gbogbo ìlú ló máa ń gbọ́ ṣáájú. Ti Sátidé yìí kàn bẹ́ lù wá ni.”

“Ọ̀gá wa ní tẹ́ṣàn yóò ní baba ṣe é ní kọ̀rọ̀ ni. Kò tó fi gbà á sílẹ̀.” Yéwándé dúró lójú ọ̀nà, ó ń ronú. “Ó dáa. Ọ̀nà igbó Orò ti dí mọ́ mi. Màá bá ọ̀nà ilé ìdáná lọ.”

*

Wọ́n kọ́kọ́ yà sọ́dọ̀ Jùbrílù, ọkọ olóògbé. Àwọn kan ní tẹ́ṣàn ti ń wí pé òun gan-an ló yẹ kí wọ́n mú, nítorí pé gbogbo agboolé ló gbọ́ ìjà òun àti ìyàwó rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìdìbò. Alágogo ni ọkọ, Oníkọ́kọ́rọ́ ni ìyàwó, wọ́n sì bú ara wọn débi pé ẹnikẹ́ni kò sùn dáadáa.

“Mo bú u,” ni Jùbrílù wí. Ojú rẹ̀ pọ́n bí osùn. “Mo ní bó bá lọ dìbò fún Oníkọ́kọ́rọ́, kó má padà wálé mọ́. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí i kẹ́yìn nìyẹn, ìsípẹ́kítọ̀.”

“Nígbà tí Orò ké, kí lẹ ṣe?”

“Kí ni mo fẹ́ ṣe? Mo ti ìyá mi wọ yàrá. Mo ti àwọn ọmọbìnrin mi wọlé. Mo rò pé Sàfúrátù á ti wọ ilé onílé kan. Mo dúró ti ìlẹ̀kùn títí wọ́n fi ní ó ti tán.”

Ìyá arúgbó kan tó jókòó sórí ẹní ká ìró rẹ̀ sókè díẹ̀. Eékún rẹ̀ ti bó. “Ọmọ mi ló tì mí ṣubú báyìí. Ẹ̀rù kò jẹ́ kó mọ̀ pé ìyá òun ni. Ẹ má bá a wí, ẹ̀mí mi ló ń wá.”

Nígbà tí wọ́n jáde, Mùsílíù béèrè pé, “Ẹ ò mú un, mà?”

“Ọkùnrin tó bá gbà pé Orò ni, á fi obìnrin ilé rẹ̀ pamọ́, bó tilẹ̀ máa bó ìyá rẹ̀ léékún. Jùbrílù gbà pé Orò ni. Ta ni kò fi tirẹ̀ pamọ́, Mùsílíù? Ta ló jẹ́ kí ìyàwó rẹ̀ wà lẹ́yìnkùlé tó ń ro ọbẹ̀?”

Mùsílíù dúró gbagidi. “Ẹni tó mọ̀ pé kì í ṣe Orò.”

“O ò gọ̀. Mú mi lọ sí fèrèsé màmá rẹ.”

*

Fèrèsé ìyá Mùsílíù kọjú sí ẹ̀yìnkùlé ilé kan ṣoṣo. Ògiri gíga yí ẹ̀yìnkùlé náà ká, ọ̀nà tóóró tí wọ́n ti rí òkú Sàfúrátù sì gba ẹ̀bá ògiri náà kọjá. Ilé Ọ̀gbẹ́ni Theophilus Ọ̀ṣunjìmí ni, akọ̀wé Ẹgbẹ́ Alágogo ní wọ́ọ̀dù náà, ìsàlẹ̀ ilé ọ̀hún ni ọ́fíìsì ẹgbẹ́.

Theophilus yọ̀ mọ́ wọn bí ẹni pé ìbò ni wọ́n wá dì. Ó ti gé ìwé ìròyìn ọjọ́ Ajé pẹ̀lú fọ́tò inú rẹ̀, ó fi gíláàsì bò ó, ó gbé e kọ́ ògiri.

“Ẹ káàbọ̀, ẹ káàbọ̀. Ẹ rí i bí? Gbogbo ayé ló ti mọ̀ wá. Wọ́n ní láti Kàdúná ni wọ́n ti ń fóònù pé Abẹ́òkúta mà gba ẹgbẹ́ yìí o. Ìjókòó kékeré ni, àmọ́ òun ló fọ ojú ẹgbẹ́ mọ́ ní gbogbo Nàìjíríà.”

“Ẹ kú oríire, sà. Baba Ògúntìmẹ́hìn ńkọ́?”

“Ẹ jẹ́ kí òfin ṣiṣẹ́. Ẹgbẹ́ ọ̀làjú ni tiwa. A ò lè bá abọ̀rìṣà jẹun.”

Yéwándé súnmọ́ fọ́tò tó wà nínú gíláàsì náà. Àwọn ọkùnrin jókòó yí tábìlì gígùn ká, wọ́n ń jẹ ìrẹsì, Theophilus àti lọ́yà kan tó sanra láti Èkó jókòó pọ̀ láàárín, wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí oníkámẹ́rà. Èéfín ń rú láti inú abọ́ wọn.

“Fọ́tò yìí dára. Ìgbà wo ni wọ́n yà á?”

“Ọ̀sán ọjọ́ ìdìbò gan-an ni. Àwọn obìnrin ò tíì jáde nínú yàrá tí a ti ń jẹun!” Ó rẹ́rìn-ín.

“Ta ló sè é?”

“Hẹn?”

“Ìrẹsì yìí, sà. Orò ń ké láti ìdájí. Ta ló sè é?”

“A rà á ni.”

“Lọ́wọ́ obìnrin wo?”

“Rárá o, láti Èkó ni wọ́n ti gbé e wá. Lọ́yà Túbọ̀sún ló fi ọkọ̀ gbé e wá.”

“Láti Èkó, èéfín sì ń rú lára rẹ̀ títí di ọ̀sán. Èkó mà dára o.” Yéwándé rẹ́rìn-ín músẹ́. “Ẹ ṣeun, sà. Mùsílíù yóò dúró tì yín díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n kí ìyá ilé.”

*

Beatrice, ìyàwó Theophilus, ń bó ẹ̀gẹ́ lẹ́yìnkùlé. Ààrò mẹ́ta tí wọ́n fi òkúta ńlá kọ́ wà níwájú rẹ̀, èédú ti dú wọn, ìkòkò ràgàjì méjì sì dojú dé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, màmá.”

“O ṣé, ọmọ mi. Ọlọ́pàá ni ọ́, àbí?”

“Ọlọ́pàá ni mí, mà. Ọbẹ̀ yín ni mo wá yìn. Àwọn ìyá tó wà lódì kejì ògiri yìí ní nígbà tí àwọn ń mu gààrí lásán nínú òkùnkùn ní Sátidé, òórùn ata yín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa àwọn.”

Ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ Beatrice.

“Wọ́n gbọ́ òórùn rẹ̀?”

“Wọ́n gbọ́ ọ, mà.”

Ìyá náà fi ọ̀bẹ sílẹ̀. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, omi ojú kò sì gbọ́, ó ń dà.

“Ọmọ Igbein ni mí. Inú ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti tọ́ mi, síbẹ̀ láti kékeré ni mo ti ń sá fún Orò, nítorí pé ìyá mi sá, ìyá rẹ̀ náà sá. Ní ìdájí yẹn, kí ọkọ mi tó jáde, ó ní ohun yòówù kí n gbọ́, n ò gbọdọ̀ wọlé, nítorí pé àwọn ènìyàn ńlá ń bọ̀ wá jẹun. Ó ní kò sí nǹkan. Nígbà tí mo gbọ́ ohùn náà, mo tọ̀ sára. Mo ń gbọ̀n, mo ń ro ọbẹ̀. Bó ṣe ní kò sí nǹkan náà ni mo wá fi mọ̀ pé kì í ṣe Orò. Láti ọjọ́ náà ni oúnjẹ kò ti wọ ọ̀fun mi mọ́.”

“Ìgbà wo ló padà wọlé?”

“Kò pẹ́ púpọ̀. Ó sáré wọlé, ó ń mí hẹ́lẹ̀hẹ́lẹ̀. Nǹkan tútù kan ta sí i láyà, sára bùbá funfun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rán fún ọjọ́ náà. Ó ní ewé ni. Àwọ̀ ewé náà ni lóòótọ́, ọmọ mi, ó tutù yọ̀yọ̀. Mo gbà á kí n lọ fọ̀ ọ́. Kí n tó pọn omi tán, mo wò ó báyìí, ó ti di dúdú bí aró. Mo fọ̀ ọ́ títí, kò lọ. Ó ní kí n sun ún, ó wọ òmíràn, ó tún jáde lọ.”

“Ṣé ẹ sun ún, mà?”

“Aṣọ tuntun!” ni Beatrice wí, àánú aṣọ náà sì hàn lójú rẹ̀. “Mo tọ́jú ẹ̀. Mo rò pé n ó fún aláró, kó bá mi rẹ gbogbo rẹ̀ pọ̀.”

Ó wọlé, ó gbé e jáde. Yéwándé tẹ́ bùbá náà sórí orúnkún rẹ̀. Kò sí ọmọ Abẹ́òkúta tó ti dúró ti aláró rí tí kò mọ ohun tó rí yìí. Bí wọ́n bá yọ aṣọ nínú ìkòkò aró, àwọ̀ ewé ni í kọ́kọ́ ní. Ìgbà tí atẹ́gùn bá fẹ́ sí i ni yóò tó dú. Ewé wo ló ń di aró lójú ẹni? Àmì náà kì í sì í ṣe èyí tó kàn ta sí ènìyàn lára. Àtẹ́lẹwọ́ kan ni, ìka márààrún hàn kedere. Sàfúrátù ti rí ẹni tó fi okùn so igi pẹlẹbẹ, tó ń jù ú fìrìfìrì kó lè dún bí Orò lẹ́yìn ògiri, ó sì fi ọwọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú ìkòkò aró di àyà aṣọ rẹ̀ mú.

Beatrice wo ọwọ́ náà. Ó gbé ọwọ́ tirẹ̀ lé orí.

“Yéè! Ọwọ́ ta nìyí? Ọwọ́ ta ni mo ń fọ̀?”

*

Ìròyìn ń sáré ju ọkọ̀ lọ. Wọn kò tíì pẹ́ tí wọ́n mú Theophilus dé tẹ́ṣàn, tó sì ti jẹ́wọ́ pé òun lòun pa Sàfúrátù, nígbà tí Lọ́yà Túbọ̀sún wọlé. Aṣọ léèsì ló wọ̀, òórùn lọ́fínńdà rẹ̀ gba gbogbo yàrá. Yéwándé fún un ní àga. Ó ti fi Theophilus jókòó sí yàrá kejì, kọ́tìnnì tẹ́ẹ́rẹ́ nìkan ló là wọ́n láàárín, Mùsílíù sì dúró tì í.

“Ìsípẹ́kítọ̀, ẹ kú iṣẹ́ takuntakun,” ni Túbọ̀sún wí. “Ẹgbẹ́ wa dúpẹ́. Ní báyìí tí mò ń bá yín sọ̀rọ̀, a ti lé ọ̀daràn yẹn kúrò lẹ́gbẹ́.”

“Ó yára o, sà.”

“Bó ṣe yẹ kó yá nìyẹn. Lọ́la, gbogbo ìwé ìròyìn ni yóò gbé e: Ẹgbẹ́ Alágogo kò fàyè gba ìwà ìbàjẹ́. Ẹ wò ó, ó tilẹ̀ lè ṣe wá láǹfààní. Àwọn ènìyàn yóò rí i pé a lè gé ọwọ́ ara wa bó bá rùn.” Ó tẹ ara síwájú. “Ohun tí mò ń bẹ̀ yín fún kò ju pé kí orúkọ ẹgbẹ́ má wọ ẹjọ́ náà. Kò sẹ́ni tó rán an níṣẹ́. Wèrè ló pọ̀ ní àwọn wọ́ọ̀dù kéékèèké wọ̀nyí.”

Obìnrin kan ti wà nínú ilẹ̀, wọ́n fẹ́ so arúgbó kan kọ́ lórí òfo, ọkùnrin yìí sì ń wá bí yóò ṣe fi wọ́n ta ẹgbẹ́ rẹ̀.

“Ẹ̀yin fúnra yín ò mọ̀ ọ́n, sà?”

“Theophilus? Mi ò fojú kàn án rí láyé mi.”

Yéwándé gbé fọ́tò inú gíláàsì náà ka iwájú rẹ̀. “Ìkòkò kan náà lẹ jọ bù jẹ níbí o.”

Kó tó la ẹnu, ẹnìkan ti ya kọ́tìnnì. Theophilus ni, ó nàka sí i.

“Lọ́yà! Ẹ ò mọ̀ mí? Inú búùtù ọkọ̀ yín kọ́ ni mo ti gba igi náà? Ẹ̀yin lẹ ní káfíńtà yín ló gbẹ́ ẹ. Ẹ̀yin lẹ ní bí Ìtòkú bá bọ́, gbogbo Nàìjíríà á ní ẹgbẹ́ wa ti kú, kí n ti àwọn obìnrin mọ́lé bó ti wù kó rí! Mo ti pànìyàn fún yín, ẹ ní mo jẹ́ wèrè?”

Túbọ̀sún dìde, ó ń wo ẹnu ọ̀nà. Mùsílíù ti dúró síbẹ̀.

“Ẹ jókòó, sà,” ni Yéwándé wí. “Ẹ ò tíì lọ.”

*

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, dípò ilé ẹjọ́, ilé ni wọ́n ní kí Baba Ògúntìmẹ́hìn máa lọ. Ṣùgbọ́n rédíò kò sọ ohunkóhun nípa rẹ̀. Ohun tó sọ ni pé olórí Ẹgbẹ́ Alágogo kò wá sí Abẹ́òkúta mọ́, pé ìlú mìíràn tí wọ́n tún ti wọlé ìdìbò kékeré kan ló ń lọ, kó lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ìjókòó Ìtòkú sì ṣì wà lọ́wọ́ ẹni tó wọlé. Yéwándé béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀, ọ̀gá ní ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ ọlọ́pàá.

Òun fúnra rẹ̀ ló sin baba dé Ìtòkú. Baba ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́, inú rẹ̀ dùn, ó ń gbọ́ ariwo ọjà. Bí wọ́n ṣe ń kọjá níwájú àwọn aláró, obìnrin kan tó ń sá aṣọ sórí okùn yíjú, ó rí i. Àbúrò Sàfúrátù ni. Kò kúnlẹ̀. Ó nu ọwọ́ mọ́ ìró rẹ̀.

“Baba, ẹ kú ewu. A ti gbọ́ pé ẹ̀yin kọ́.”

“O ṣé, ọmọ mi.”

“Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o, sà. Ilé la wà tí a ti ìlẹ̀kùn, tí ẹ̀gbọ́n mi ń kú lẹ́yìn ògiri. Mo gbọ́ igbe rẹ̀. Mo mọ ohùn rẹ̀. N kò jáde, nítorí Orò.” Ohùn rẹ̀ kò ga rárá. “Lọ́jọ́ tó bá tún ké, tiyín ni o, tiwọn ni o, màá jáde.”

Kò sẹ́ni tó bá a wí nínú àwọn obìnrin yòókù.

Baba Ògúntìmẹ́hìn wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó di ọwọ́ Yéwándé mú, ó rọra jókòó sí etí gọ́tà, ojú rẹ̀ sì wà nílẹ̀.

“Jáde, ọmọ mi,” ló wí. “Èmi náà, ká ní mo jẹ́ obìnrin, màá jáde.”